Faransé Ni Tàbí Ayùn? Ìyàwó Ń Fà Á Síhìn-ín, Ọkọ Ń Fà Á Sọ́hùn-ún

Lẹ́tà tó wọlé lọ́sẹ̀ yìí pọ̀ bí ewé rúmọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gbé e kalẹ̀. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, ló ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́. Màmá ní kí n má dárúkọ àwọn, n ò sì ní í dárúkọ wọn. Mo gé e kúrú díẹ̀ ni:

“Ọ̀gá oníwèé ìròyìn, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Ọmọbìnrin mi àti ọkọ rẹ̀ wà ní Kánádà, ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Ottawa. Ọmọkùnrin wọn ti pé ọdún mẹ́tàlá, yóò wọ ilé-ìwé gíga wọn ní oṣù kẹsàn-án. Láti kékeré ló ti ń fi èdè Faransé kàwé, bẹ́ẹ̀ Faransé kì í ṣe èdè bàbá rẹ̀, kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. Ọmọ náà wá ní iṣẹ́ igi ló wu òun. Ọkọ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú Faransé kó ráyè kọ́ṣẹ́. Ìyàwó ní láéláé, pé òun ò jìyà dé òkè òkun kí ọmọ òun wá máa gbá ìṣó. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Fọ́ọ̀mù tí wọn yóò fi mú àwọn ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ṣe ti wà nílé, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà láìpẹ́. Káfíńtà ni bàbá ọmọbìnrin mi yìí kó tó kú. Igi ló fi rán an níwèé. Ṣé ohun ìtìjú ni iṣẹ́ igi ni? Kí ni kí n wí fún wọn?”

Màmá, mo gbọ́ yín. Ọ̀rọ̀ ìtìjú yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, n ó padà wá bá a. Ohun tó ń da tọkọtaya yìí láàmú, bí mo ṣe wò ó, ni pé wọn ò tíì jókòó ka iye. Wọ́n rò pé ọ̀kan ni ọmọ lè mú, kó ju èkejì sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá tètè kà á báyìí, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò padà rí nígbẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, ẹ gbọ́ o. Èdè méjì ni ìjọba Kánádà fi ń ṣiṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Òfin ọdún 1969 ló fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀. Faransé ni wọ́n ń sọ jù ní ìpínlẹ̀ Québec, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ jù ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù. Ní 1965, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ St. Lambert, lẹ́bàá Montreal ní Québec, àwọn òbí kan tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé rí i pé àwọn ọmọ ń kọ́ Faransé níléèwé lọ́dọọdún, síbẹ̀ wọn ò lè bá ará àdúgbò sọ̀rọ̀. Wọ́n bá àwọn aláṣẹ ilé-ìwé fà á títí wọ́n fi gbà láti ṣí kíláàsì kan fún wọn. Láti ọjọ́ tí ọmọ kékeré bá ti wọlé, Faransé ni tíṣà ń sọ sí i, kò ní bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ tí wọ́n sọ ètò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ohun tí àwọn Onítẹ̀bọmi ń ṣe lódò: wọ́n ri ọmọ bọ inú èdè náà látòkè délẹ̀ ni. Nígbà tó di 1972, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, Lambert àti Tucker, tẹ ìwé jáde lórí ohun tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ wọ̀nyẹn: Faransé wọn dáa ju ti àwọn tó ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì bàjẹ́. Ètò náà ti tàn ká Kánádà láti ìgbà náà.

(Ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ gbé tiwọn kalẹ̀: wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn rárá. Ará Kánádà mú tiwọn dàgbà. Tiwa ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́, ọjọ́ mìíràn lọjọ́ ìyẹn.)

Ó wá kan ilé-ìwé gíga, níbi tí ìjà ti bẹ́. Ìpínlẹ̀ Ontario ni Ottawa wà. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń lò níbẹ̀, láti kíláàsì 9 dé 12. Ọmọ gbọ́dọ̀ kó kírẹ́díìtì 30 jọ kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Kírẹ́díìtì tiwọn kì í ṣe ti WAEC o. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n là kalẹ̀ fún wákàtí 110, tí ọmọ sì yege nínú ẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní kírẹ́díìtì kan. Ọmọ tó bá fẹ́ gba sàtífíkéètì Faransé mọ́ ọn, mẹ́wàá nínú 30 yẹn ni yóò fi Faransé ṣe. Mẹ́rin jẹ́ Faransé fúnra rẹ̀, ọ̀kan lọ́dún kan. Mẹ́fà yòókù jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn tí tíṣà fi Faransé kọ́ wọn, bí ìtàn tàbí jọ́gíráfì, níbòmíràn ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì. Ó ku 20 tó lè fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin lẹ ni ìṣirò: nínú 20, ṣé kò sí ibi tí ayùn lè wọ̀ sí ni?

Ààyè wà, àmọ́ kò gbòòrò. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé níbẹ̀ ń pín ọdún sí méjì, ẹ̀kọ́ mẹ́rin ní apá kìíní, mẹ́rin ní apá kejì. Mẹ́jọ lọ́dún kan, 32 lọ́dún mẹ́rin. Àwọn ọ̀ranyàn sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè yẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin, ìṣirò mẹ́ta, sáyẹ́ǹsì méjì, àtàwọn mìíràn. Ó dà bí owó tí ẹ kó lọ́jà, tí owó àjọ, owó ilé àti owó iléèwé ọmọ ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Ìròyìn kan wà tó yẹ kí ìyàwó ilé yìí gbọ́, bóyá ó tilẹ̀ ti gbọ́ ọ, tí kò sọ fún ìyá ẹ̀. Ọmọ yòówù tó bá bẹ̀rẹ̀ kíláàsì 9 ní Ontario láti oṣù kẹsàn-án 2024, ìjọba ti sọ ọ́ di dandan pé, ó kéré tán, kó ṣe ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní kíláàsì 9 tàbí 10, kó tó lè gba ìwé ẹ̀rí. Ọmọ lọ́yà ni o, ọmọ dókítà ni o, ẹ̀kọ́ kan náà ló kàn wọ́n. Àwọn tó ń ṣòfin níbẹ̀ rí i pé àwọn tó ń kọ́lé, tó ń fa iná, tó ń ṣe ẹ̀rọ omi ti ń darúgbó, àwọn ọmọdé ò sì fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan mọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ “láéláé” tí ìyàwó sọ yẹn, ìjọba ti bá a dáhùn ẹ̀.

Ẹ óò ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kúkú fi Faransé kọ́ iṣẹ́ igi náà, kí kírẹ́díìtì kan ṣiṣẹ́ méjì, kí ìjà tán. Níbẹ̀ gan-an ni wàhálà wà! Tíṣà tí yóò kọ́ ọmọ ní irú iṣẹ́ yìí ní Ontario kì í ṣe ẹni tó kàn ka ìwé nípa igi. Wọn ò ní gbà á àfi tó bá lè fi hàn pé òun ti lo ọdún márùn-ún nídìí iṣẹ́ náà, tàbí kí iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ lórí iṣẹ́ pé ọdún márùn-ún fún un. Èmi fẹ́ràn òfin yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wá fi gbígbọ́ Faransé dáadáa lé e lórí. Ẹ lọ sí Mọ́kọ́lá, kí ẹ ní ẹ ń wá káfíńtà tó mọṣẹ́, tó ní ìwé tíṣà, tó tún lè fi Lárúbáwá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń so igi méjì pọ̀ láìlo ìṣó. Ọjọ́ wo lẹ óò rí i? Tíṣà Faransé lásán ti ń wọ́n wọn, ká má tíì sọ èyí tó mọ ayùn lò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìtàn àti jọ́gíráfì ni wọ́n sábà ń fi Faransé kọ́, tí ṣọ́ọ̀bù igi àti ṣọ́ọ̀bù mọ́tò sì ń jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Kì í ṣe pé ìwé ẹ̀ ò sí o. Ẹgbẹ́ aláṣẹ ilé-ìwé 12 ló wà ní Ontario tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni, fún àwọn ọmọ tí Faransé jẹ́ èdè ìdílé wọn; òfin ilẹ̀ Kánádà ti 1982 ló fún irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ náà. Àwọn wọ̀nyẹn ń fi Faransé ṣe iṣẹ́ igi, wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ mọ́tò, ìjọba sì ti kọ ètò ẹ̀kọ́ ẹ̀ sílẹ̀ ní Faransé fún wọn. Ìdílé tiwa yìí kò sí lára wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí ilé-ìwé ọmọ náà bá ní ìwé ni kò sí, kí wọ́n má gbà. Ènìyàn ni kò sí.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ gbọ́ èyí. Kọ́kọ́rọ́ àti sípánà, orúkọ kan ni Faransé ń pe méjèèjì: clé. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbé clé wá lábẹ́ mọ́tò, ìlẹ̀kùn kọ́ ló fẹ́ ṣí. Òòlù ń jẹ́ marteau, ayùn ń jẹ́ scie. Àwọn ará wa ní Kétu àti Pọ́rtó-Nóvò mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí Faransé ló jọba lé wọn lórí títí di 1960: ọmọ iṣẹ́ lè máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọ̀gá ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, àmọ́ tó bá di orúkọ pátì ọkọ̀, Faransé ni, bí tiwa náà ṣe jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a ti bù lẹ́nu.

Mo sọ èyí nítorí pé èdè nínú ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ẹ̀rọ tó ń la pákó kì í dúró de ẹni tó ń wá ìtumọ̀. Bí tíṣà bá pariwo pé “arrête!”, kí ọmọ tó rò ó tán pé dúró ni ó ń wí, ìka ti lọ. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ fi Faransé kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, lójú tèmi, kó kọ́kọ́ mú èyí tí kò ní ewu púpọ̀: yíya àwòrán ilé, ṣíṣe fídíò, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó tilẹ̀ rọrùn láti rí tíṣà fún ìyẹn. Tó bá wá di ti ayùn, kí wọ́n kọ́ ọmọ ní orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lédè méjèèjì kó tó súnmọ́ ẹ̀rọ, nítorí ọ̀gá tí yóò lọ bá ṣiṣẹ́ níta lè má gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ibi tí ẹsẹ̀ yóò ti kọ́ gan-an ni kíláàsì 11 àti 12. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún mọ̀ ọ́n: bí ọjà méjì bá bọ́ sọ́jọ́ kan náà, ẹ óò ná ọ̀kan, ẹ óò pàdánù èkejì. Nígbà tí ọmọ bá fi dé òkè, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ nínú Faransé ti dín kù, nítorí náà ilé-ìwé lè má gbé ẹ̀kọ́ Faransé kan kalẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Iṣẹ́ igi náà lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, nítorí ṣọ́ọ̀bù kan ló wà, tíṣà kan ló wà. Bí méjèèjì bá bọ́ sí aago mẹ́wàá àárọ̀, ó parí nìyẹn. Ètò kan tún wà tí wọ́n fi ń rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá níta, bí ọmọ iṣẹ́ tiwa gẹ́lẹ́, tí wọ́n sì ń kà á sí ẹ̀kọ́ fún un. Ohun tó dáa ni, torí ibẹ̀ lọmọ ti ń mọ̀ bóyá òun lè jí láago márùn-ún. Ṣùgbọ́n ó lè gba ìdajì ọjọ́ fún apá ọdún kan odidi, ìdajì ọjọ́ yẹn ti gbé ààyè ẹ̀kọ́ méjì lọ. Ẹni tó bá ti fi ẹ̀kọ́ Faransé tó kù jọ síbẹ̀, ó ti há.

Nítorí náà, kí wọ́n mú bébà, kí wọ́n tètè san gbèsè Faransé nígbà tí ọjà ṣì ń tà. Kíláàsì 9: Faransé, jọ́gíráfì ní Faransé, àti ẹ̀kọ́ kan sí i tí ilé-ìwé bá ń fi Faransé ṣe. Mẹ́ta. Kó ṣe ọ̀ranyàn ìmọ̀ ẹ̀rọ yẹn níbẹ̀ náà, ní Gẹ̀ẹ́sì, kó lè mọ̀ bóyá igi ló wù ú lóòótọ́ tàbí orí fóònù ló ti rí i. Kíláàsì 10: Faransé, ìtàn Kánádà, ẹ̀kọ́ nípa ìjọba pẹ̀lú ti yíyan iṣẹ́ (ìdajì-ìdajì ni méjèèjì, wọ́n para pọ̀ jẹ́ ọ̀kan), àti ọ̀kan sí i tó bá wà. Ó di méje. Ó ku mẹ́ta péré fún ọdún méjì, méjì nínú ẹ̀ jẹ́ Faransé fúnra rẹ̀. Ẹ wá wo bí ọ̀nà ṣe là fún ayùn ní kíláàsì 11 àti 12! Bí ààyè bá ṣì fún, wọ́n ń ṣe ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè lọ fi ìyẹn pa ọ̀ranyàn kan rẹ́. Ọmọ ò ní fẹ́ gbọ́ o. Ìyẹn ò kàn mí.

Kí wọ́n tó kọ ohunkóhun, kí àwọn méjèèjì jọ lọ bá olùdámọ̀ràn níléèwé náà, kí wọ́n bi í: ẹ̀kọ́ wo lẹ fi Faransé kọ́ ní kíláàsì 11 àti 12 lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé pẹlẹbẹ? Ṣé òun àti iṣẹ́ igi kì í forí gbárí? Ètò kan tún wà tó kéré sí èyí, tí kírẹ́díìtì Faransé méje tó fún sàtífíkéètì tirẹ̀. Kí wọ́n bi wọ́n bóyá ilé-ìwé yẹn ní in, bóyá ọmọ lè bọ́ sínú ẹ̀ bó bá di dandan.

Bó bá wá ku ká fi ọ̀kan sílẹ̀ ńkọ́? Èrò tèmi nìyí, ẹni tí kò bá bá mi gbà, ibi tí ẹ ń fi lẹ́tà sí ò tíì yí padà. Kó jẹ́ sàtífíkéètì ló lọ. Kó má jẹ́ Faransé, kó má jẹ́ iṣẹ́. Kó máa mú Faransé fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún, mẹ́rin yẹn, kí àwọn mẹ́fà yòókù ṣe bí wọ́n bá ti lè ṣe é mọ. Bàbá ọmọ, ẹ̀yin ni mo ń bá wí báyìí: ẹ má yọ ọ́. Ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án ló ti wà nínú èdè yẹn, ẹni tó bá jáde, àtiwọlé padà kì í rọrùn. Ẹ sì wo ibi tí ẹ ń gbé. Odò ló la Ottawa àti Gatineau láàárín; ẹ kọjá afárá báyìí, ẹ ti wọ Québec. Láti 1977 ni òfin ibẹ̀ ti fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti fi Faransé ṣiṣẹ́. Ìdánwò ìjọba tó jẹ́ kí ìwé ẹ̀rí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣiṣẹ́ káàkiri àwọn ìpínlẹ̀ wọn, Red Seal ni wọ́n ń pè é, ẹ lè fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é, ẹ lè fi Faransé ṣe é. Káfíńtà tó gbọ́ èdè méjèèjì ní ìlú yẹn, oníbàárà òkè odò àti ti ìsàlẹ̀ odò ni yóò máa pè é. Àbí kí lẹ fẹ́ kó tún mọ̀?

Ó wá ku ti ìtìjú. Ìyá ọmọ, n ò bú yín. Mo mọ ohun tí ẹ rí. Ẹ rí bàbá yín tó ń ti oko pákó dé pẹ̀lú àwùjẹ̀ lójú, ẹ rí oníbàárà tó ń jẹ ẹ́ lówó títí di ọjọ́ ikú ẹ̀. Ìjọba tiwa náà ò ràn yín lọ́wọ́. Ní 1982 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ 6-3-3-4, wọ́n ní gbogbo ọmọ ni yóò kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n kó ẹ̀rọ wọ̀lú láti òkèèrè, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ò kúrò nínú àpótí tó bá dé. Kò síná, kò sí tíṣà. Ọmọ tí kò mọ̀wé ni wọ́n ń tì síbẹ̀ nígbà tó yá. Kánádà náà ò bọ́ lọ́wọ́ ìwà yẹn tán: àwọn kan níbẹ̀ ti ń ráhùn pé Faransé ti di ti ọmọ olówó àti ọmọ tó mọ̀wé, ṣọ́ọ̀bù sì di ti àwọn tó ṣẹ́kù. Ọmọ tó bá jókòó sí ibi méjèèjì ló máa da ìyẹn rú. Ọmọ yín lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ohun kan wà tí n kò rí nínú gbogbo lẹ́tà yín, Màmá. Ọkọ sọ̀rọ̀, ìyàwó sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà sọ̀rọ̀. Ọmọ ńkọ́? Ó ní igi wu òun, wọn ò tún bi í ní nǹkan mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láago ní ọjọ́ Sátidé, kì í ṣe ìyá ẹ̀, òun gan-an. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ fi Faransé sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un nípa bàbá ìyá ẹ̀, ẹ sọ àga tó kàn, ilé tó fi òrùlé sí, iye ọmọ iṣẹ́ tó fún ní fúrídọ́ọ̀mù. Bí Yorùbá ẹnu ọmọ náà kò bá tó o gbọ́, kí ìyá ẹ̀ jókòó tì í, kó máa túmọ̀. Èmi fẹ́ kí ìyá náà fẹnu ara ẹ̀ túmọ̀ ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ ní kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ ná. Ẹ kọ̀wé sí mi tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i.

Ìyá Ṣágámù tó kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ àjọ tí wọ́n kó jẹ, lẹ́tà yín dé ọwọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.